Bí Mo Ṣe Ń Yẹ Ọ̀rọ̀ Epo Bẹntiróò Wò Nídìí Ẹ̀rọ Ìlọta

Ẹ̀rọ ìlọta mi wà lójú ọ̀nà tó wọ ọjà Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo. Bí iná ọba bá wà, mọ́tò oníná ló ń yí i. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ẹ́ńjìnnì elépo ni mò ń fà. Nítorí náà, ọjọ́ tí epo bá gbówó lórí, ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀pọ̀ obìnrin àdúgbò ti máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára, torí ata tí a lọ ní ₦200 lánàá ti di ₦300. Ẹni tó gbé abọ́ ata dúró kò sì níṣẹ́ mìíràn ju ọ̀rọ̀ sísọ lọ. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, mo ti gbọ́ pé Ààrẹ ló ń fi epo jẹ wá níyà, pé Dangote ló fẹ́ gba gbogbo ọjà, pé àwọn oníṣòwò epo ló kó o pamọ́, pé àwọn òyìnbó IMF tó ń yá orílẹ̀-èdè lówó ló pàṣẹ, pé gómìnà ló ní kí wọ́n ti ilé epo nítorí ìdìbò. Ẹni márùn-ún, ọ̀daràn márùn-ún, epo kan ṣoṣo.

Kí n tó máa lọ ata, mo fi ọdún mọ́kànlélógún kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò. Ìyá Tíṣà ni wọ́n ń pè mí títí di òní. Ìwà tíṣà ò sì kúrò lára mi: ẹni tó bá sọ ìdáhùn fún mi, mo máa ní kó fi ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ hàn mí. Ohun tí mo kọ síbí ni bí mo ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ epo wò kí n tó gbà á gbọ́, àti kí n tó fi nǹkan lé owó ata. Kì í ṣe pé mo ń gbèjà ìjọba o. Bí ẹ bá kà á síwájú, ẹ ó rí i pé àhesọ mìíràn wà tó jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé.

Ẹ kọ́kọ́ ní ìwé

Ìwé pẹlẹbẹ olójú ewé 40 tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lò tó, pẹ̀lú bírò tí ẹ fi okùn so mọ́ ọn kó má baà rìn. Tèmi rọ̀ mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ata ti ta sí i lára débi pé ẹni tó bá ṣí i á kọ́kọ́ sín ná. Ohun tí ẹ ó máa kọ kò pọ̀: ọjọ́, ilé epo, iye tó wà lára pátákó, iye tó wà lójú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta á, lítà mélòó, ìlà wà tàbí kò sí. Ọ̀kan nínú tèmi rèé:

"Sátidé. Ọ̀nà Ìkìrun. Pátákó 895. Ojú ẹ̀rọ 910. Lítà 10. Kò sí ìlà. Ọmọ tó ta á ní ọ̀gá ò tíì pààrọ̀ pátákó."

Náírà 15 ni ìyàtọ̀ yẹn. Lọ́jọ́ náà, obìnrin alákàrà kan gbójú sókè wo pátákó bó ṣe ń kọjá, ó lọ sọ 895 káàkiri. Ọlọ́kadà kan ra epo níbẹ̀, ó ń sọ 910. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti ń bá ara wọn jà nídìí ẹ̀rọ mi, èkínní ń sọ pé irọ́ ni, ìkejì ń sọ pé òpùrọ́ ni ẹni tó ní irọ́ ni. Mo ṣí ìwé, mo ka ìlà yẹn sí wọn létí. Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́.

Iṣẹ́ kejì tí ìwé ń ṣe ni pé kì í gbàgbé. Orí ọmọ ènìyàn kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé lórí ọ̀rọ̀ owó. Ní ìparí 2024, awakọ̀ kẹ̀kẹ́ kan fi orí ìyá rẹ̀ búra fún mi pé kò tíì pé ọdún kan tí òun ra lítà epo ní ₦195. Irú iye bẹ́ẹ̀ ti parẹ́ láti ìparí oṣù Karùn-ún 2023. Ọjọ́ 29 oṣù náà ni wọ́n búra fún Tinubu, tó sì sọ pé owó ìrànwọ́ orí epo, owó tí ìjọba ń san kí epo má baà gbówó lórí, ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ilé epo NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, ti ń ta á ní nǹkan bí ₦500. Nígbà tó di oṣù Keje, ó ti di ₦617 ní Abuja. Ẹni tí kò rántí ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, kò sí bó ṣe lè mọ ẹni tó ṣe é.

Ẹ wọn kẹ́ẹ̀gì yín

Ibí ni màá ti pẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ lowó yín ti ń jò.

Ẹ wá ike omi tí wọ́n kọ 50cl sí lára, ẹ bu omi sínú rẹ̀. Ẹ má kún un dé ẹnu o. Ibi tí omi inú rẹ̀ dé nígbà tí ẹ rà á lọ́wọ́ ọlọ́jà ni kó dé, kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀. Ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì funfun tí a lè rí inú rẹ̀ kedere. Méjì jẹ́ lítà kan. Bí ẹ bá da méjìdínlógún, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ dúró kí omi fara balẹ̀, kí ẹ fi ọ̀dà tàbí kọ́tẹ́ẹ̀sì ọmọ yín fa ìlà síbi tó dé: lítà 9 nìyẹn. Ẹ da méjì sí i, ẹ fa ìlà mìíràn: lítà 10. Lẹ́yìn náà ẹ da omi nù, ẹ dojú kẹ́ẹ̀gì kọlẹ̀, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ táútáú, torí omi ẹ̀kán méjì tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ lè yọ ẹ́ńjìnnì yín lẹ́nu fún ọ̀sẹ̀ kan. Èmi mọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Nígbà tí mo ṣe èyí tán, mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ sí ilé epo kan tí n kò ní dárúkọ. Mo san owó lítà 10 ní ₦895, ₦8,950 lápapọ̀. Ojú ẹ̀rọ kọ 10.00 gedegbe. Epo inú kẹ́ẹ̀gì wá dúró sáàárín ìlà méjèèjì, kò kọjá lítà mẹ́sàn-án àtààbọ̀. Mo ní bóyá èmi ni mo fa ìlà wọ́. Mo tún kẹ́ẹ̀gì mìíràn wọ̀n, mo padà lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Bákan náà ló rí. Ẹ fi 9.5 pín 8,950: lítà kan ti di ₦942. Náírà 47 lórí lítà kọ̀ọ̀kan, tí pátákó ò sì sọ nǹkan kan. Mo bi ọmọ tó ń ta epo. Ó ní, "Màmá, bí ẹ̀rọ ṣe wí la ṣe ń tà á." Mo kí i pé ó dàbọ̀, n kò tún débẹ̀ mọ́.

Ẹ wò ó, àwọn tó wà lórí ìlà ní ilé epo yẹn lọ́jọ́ náà, Abuja ni wọ́n ń bú. Wọ́n bú u dáadáa, n kò sì dá wọn lẹ́kun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó wo kẹ́ẹ̀gì ọwọ́ ara rẹ̀. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Jálá wo?

Ní kúkúrú: kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn iye, ẹ bi í pé òṣùwọ̀n wo ló ń lò. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ réluwé nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ṣì ń pariwo ní Station Road wa níbí máa ń wá lọ ẹ̀wà. Ó gbọ́ lórí rédíò pé jálá epo kan jẹ́ ₦900. Lójú ti bàbá, jálá ni gálọ́ọ̀nù, lítà mẹ́rin. Òun sì rèé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lítà mẹ́rin ní ₦3,600. Ó ní Abuja ti sọ iye kan, àwọn ilé epo Òṣogbo ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, pé wọ́n ti pàdé pọ̀ lóru ṣe é. Mo ní, "Ẹ má bínú sà, jálá tí àwọn oníròyìn ń pè, lítà kan ni." Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ta ló wá yí jálá padà láìsọ fún wa?"

N kò rí èsì kankan fún ìyẹn.

Ẹ tẹ̀lé epo láti ibi tó ti ń bọ̀

Epo tí à ń rà ní Òṣogbo kò hù ní Òṣogbo. Láti Èkó ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, láti Àpápá tàbí láti ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí. Ọkọ̀ agbépo á gba Ìbàdàn, á gba Ìkirè, á yà ní Gbọ̀ngán, á gba Ẹdẹ wọlé. Gbogbo ihò tó wà lójú ọ̀nà yẹn wà nínú owó epo, àti dísẹ́ẹ̀lì tí ọkọ̀ náà ń mu, àti owó tí àwọn tó dá igi sọ́nà ń gbà. Ká sọ pé ọkọ̀ gbé lítà 45,000, tí owó ọkọ̀ sì jẹ́ ₦900,000. Náírà 20 ti gun orí lítà kan nìyẹn kó tó kan ẹni tó ni ilé epo.

Láyé ìgbà kan, àjọ ìjọba kan wà tó ń san owó ọkọ̀ yẹn padà fún àwọn oníṣòwò, kí iye epo lè jẹ́ ọ̀kan náà ní Èkó, ní Òṣogbo àti ní Màídúgùri. Láti ìgbà tí òfin epo rọ̀bì ti 2021 ti dé, ètò yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, bí àbúrò yín bá pè yín láti Ìkejà pé òun ra epo ní iye tó dín sí tiyín, ẹ má rò pé ẹnìkan kórìíra Ọ̀ṣun. Ọ̀nà jìn ni.

Èyí tó wúwo jù nínú owó náà ni epo rọ̀bì àti dọ́là. Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ìṣirò kíláàsì karùn-ún. Àgbá epo rọ̀bì kan jẹ́ lítà 159. Ká sọ pé dọ́là 70 ni àgbá kan. Ẹ fi 159 pín 70, ẹ ó rí sẹ́ǹtì 44: iye epo rọ̀bì tó wà nínú lítà kan nìyẹn, láìka fífọ̀ rẹ̀, láìka ọkọ̀. Kí ìjọba tó tú dọ́là sílẹ̀, pé kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye rẹ̀, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà 2023, nǹkan bí ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Sẹ́ǹtì 44 nígbà náà jẹ́ ₦202. Nígbà tí dọ́là wá di ₦1,500, sẹ́ǹtì 44 kan náà di ₦660. Epo rọ̀bì ò kúrò lójú kan. Owó wa ló ṣubú.

Mo kọ ìṣirò yìí sára ògiri pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó wà níbẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí òjò tó fọ̀ ọ́. Obìnrin kan wò ó títí, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ta wá ni ká bú?" Mo ní kó bú ìpinnu méjì tí wọ́n ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lọ́dún 2023, tó bá wù ú láti bú u: yíyọ owó ìrànwọ́ àti títú dọ́là sílẹ̀. Àwọn kan ní ó pọn dandan, àwọn kan ní ìkà ni, a lè jiyàn ìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ojú gbangba ni wọ́n ti ṣe méjèèjì, rédíò gbé e, ìwé ìròyìn tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń dùn mí nípa àhesọ nìyí: ohun tí wọ́n ṣe lójú ọjà, a máa ń lọ wá a ní kọ̀rọ̀, ẹni tó ṣe é á sì máa rìn lọ.

Ta ni "wọ́n"?

Èdè wa fẹ́ràn "wọ́n" púpọ̀. Èmi náà lò ó lókè yẹn: "bí wọ́n bá ti mú iná lọ." A máa ń sọ pé "wọ́n bí mi ní Òṣogbo," bẹ́ẹ̀ ìyá kan ṣoṣo ló rọbí. Kò burú nínú ọ̀rọ̀ lásán. Nínú ọ̀rọ̀ epo, ibẹ̀ ni èèrí máa ń sá pamọ́ sí.

Bí ẹnìkan bá ní, "Wọ́n ní wọ́n ti ń kó epo pamọ́ kí wọ́n lè fi owó lé e," mo máa ń dúró, màá ka "wọ́n" mẹ́ta fún un lórí ìka. Wọ́n àkọ́kọ́ ni ẹni tó sọ fún ọ: ta ni, níbo, ìgbà wo? Wọ́n kejì ni ẹni tó kó o pamọ́: ilé epo wo, ta ló rí kòtò epo rẹ̀? Wọ́n kẹta ni ẹni tó fẹ́ fi owó lé e: ṣé òun náà ni ìkejì, àbí ẹlòmíràn? Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n àkọ́kọ́ á já sí ohùn inú WhatsApp tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ àsàlátù: "Abuja ni mo wà báyìí, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí mo ń sọ yìí, ẹ tètè lọ kún ọkọ̀ yín." Kò ní orúkọ, kò ní ọjọ́. Nítorí pé kò ní ọjọ́, wọ́n lè tún un fi ránṣẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Fọ́tò pátákó ilé epo náà bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá rí 617 lára rẹ̀, ti 2023 tàbí 2024 lẹ ń wò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé fóònù. Mo ní ẹnìkan ní Ìbàdàn, ẹnìkan ní Àkúrẹ́, ọmọ àbúrò mi ní Ìlọrin. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé gómìnà ló ti ilé epo Òṣogbo, mo máa ń pe Ìlọrin. Bí ìlà bá wà níbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ gómìnà Ọ̀ṣun ti bọ́ sóde, torí Kwárà kọ́ ló ń ṣe àkóso. Gómìnà kankan ò tilẹ̀ lágbára láti sọ iye tí wọ́n máa ta epo. Abuja ni òfin fi ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì sí. Ẹ lè bá gómìnà ṣe ẹjọ́ ọ̀nà, ẹ lè bá a ṣe ẹjọ́ owó oṣù, epo ò sí nínú ẹ̀sùn yẹn.

Ìbéèrè mìíràn tó máa ń já ọ̀pọ̀ àhesọ lulẹ̀: ta ló sọ ọ́ kalẹ̀? Epo kì í lọ sókè nìkan. Ní oṣù Kejìlá 2024, Dangote gbé iye tó ń tà fún àwọn oníṣòwò kúrò ní ₦970 sí ₦899.50. Ní oṣù Kìíní 2025, ó tún gbé e sókè. Nígbà tí oṣù Kejì fi máa parí, ó ti wá sí ₦825. Ẹni tó ń sọ pé Ààrẹ àti Dangote jọ dìtẹ̀ láti gbé epo sókè, kó sọ fún mi pé ta ló dìtẹ̀ sísọ̀kalẹ̀. Ọmọkùnrin aránbàtà kan dá mi lóhùn pé ó sọ ọ́ kalẹ̀ kí ọjà lè bàjẹ́ mọ́ àwọn tó ń kó epo wọlé láti òkè òkun lọ́wọ́. Mo rò ó, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ náà lórí. Àwọn oníṣòwò kan sọ bẹ́ẹ̀ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n òwò nìyẹn. Ìyá aláta tó bá sọ ata kalẹ̀ kí aládùúgbò rẹ̀ má baà tà, a mọ orúkọ tí a ń pè é ní Ìgbọ̀nà, a kì í pè é ní ọ̀tẹ̀.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ olóṣèlú sílẹ̀, kí ẹ kọ àga tó jókòó lé

Apá kan wà lẹ́yìn ìwé mi fún èyí. Ọ̀wọ́ mẹ́ta: ọjọ́, ohun tó sọ, ipò tó wà nígbà tó sọ ọ́.

Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2012, Jonathan tó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà yọ owó ìrànwọ́, epo kúrò ní ₦65, ó di ₦141. Ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀, ojú títì kún, nígbà tó di ọjọ́ 16 oṣù náà ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí ₦97. Nínú oṣù yẹn, Tinubu tó wà lẹ́gbẹ́ alátakò kọ̀wé tako yíyọ owó náà. Buhari, alátakò lòun náà, ní jìbìtì ni ohun tí wọ́n ń pè ní owó ìrànwọ́. Buhari dé orí àga ní 2015. Epo di ₦145 ní oṣù Karùn-ún 2016, owó ìrànwọ́ tó pè ní jìbìtì sì tún padà di ohun tí ìjọba rẹ̀ ń san.

Èyí tó dùn jù nínú wọn ni ti Abẹ́òkúta, ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 2023. Epo wọ́n, wọ́n ń pààrọ̀ owó náírà, ìdìbò kù oṣù kan. Tinubu dúró níwájú èrò, ó ní ọgbọ́n àrékérekè ni ọ̀wọ́n epo àti owó tuntun náà, pé wọ́n fẹ́ fi dí ìdìbò lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló wà lórí àlééfà! Èmi fúnra mi pàtẹ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò, n kò ní tan ara mi. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, òun ló yọ owó ìrànwọ́.

N kò sọ pé irọ́ ni gbogbo wọn ń pa. Ohun tí mo rí nínú ìwé ni pé ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa ń rí rìkíṣí, ẹni tó wà lókè máa ń rí ìṣirò. Bí olóṣèlú kan bá sọ ẹni tó fa ọ̀wọ́n epo fún yín, ẹ wo àga rẹ̀ ná.

Àwọn tó jẹ́ òótọ́

Ẹni tó bá ní kò sí rìkíṣí kankan nínú epo Nàìjíríà, òun náà ń ṣeré. Ní oṣù Kìíní 2012 yẹn, ilé aṣojú-ṣòfin ní kí ìgbìmọ̀ kan tí Farouk Lawan jẹ́ alága rẹ̀ yẹ owó ìrànwọ́ wò. Ìgbìmọ̀ náà jáde pẹ̀lú ìwé pé àwọn kan ń gba owó lórí epo tí kò wọ orílẹ̀-èdè yìí rí. A ní, ẹ ò rí i báyìí? Kò pẹ́ tí ẹ̀sùn fi dé bá alága fúnra rẹ̀ pé ó gba owó dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan kó lè yọ ilé iṣẹ́ ẹni náà kúrò nínú àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ní 2021. Ní 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún lórí dọ́là 500,000. Ẹni tí a rán kó lọ mú olè!

Ní oṣù Kejì 2022 náà, ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì ń kú káàkiri, àwọn ènìyàn ní epo burúkú ni wọ́n ń tà. NNPC fúnra rẹ̀ wá jẹ́wọ́ pé epo tí mẹ́táńọ̀ọ̀lù, irú kẹ́míkà kan, pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wọlé láti òkè òkun. Ẹ wo ohun tí àwọn méjèèjì ní tí ohùn WhatsApp kì í ní: orúkọ, iye, ọjọ́, ìwé, àti ẹnìkan tó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ tàbí tí adájọ́ dá lẹ́bi.

Nígbà mìíràn ẹ ó rí ọ̀rọ̀ tí ìwé kò tíì parí. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, nígbà tí ilé ìfọpo Dangote ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta epo bẹntiróò, NNPC ní ₦898 lòun ra lítà kan. Dangote ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé ńlá méjì, ọjà kan náà, wọn ò jọ fẹnu kò lórí iye. Níbẹ̀, mo fa ìlà sábẹ́ méjèèjì, mo kọ "ó kù." Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Bí èmi náà ṣe jìn sí kòtò

Pẹ̀lú gbogbo ìwé yìí o. Ní oṣù Kẹfà 2025, Ísírẹ́lì àti Ìráànì bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù lu ara wọn. Epo rọ̀bì gbéra, Dangote gbé tirẹ̀ sí ₦880. Ohùn kan dé orí fóònù mi pé kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè lítà kan á di ₦1,500, pé àwọn ńlá ti mọ̀, àwọn mẹ̀kúnnù ni wọn ò fẹ́ kó mọ̀. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló mú mi. Ta ló fẹ́ jẹ́ mẹ̀kúnnù tí kò mọ̀? N kò ka "wọ́n" kankan lórí ìka. Mo lọ bá àwọn ọmọ bílákì, mo ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, lítà 75, ní ₦1,100: ₦82,500, owó tí mo fẹ́ fi pààrọ̀ okùn ẹ̀rọ àti bẹ́rìn wà nínú rẹ̀.

Mo kó o sínú yàrá ẹ̀yìn. Òru mẹ́ta ni n kò sùn dáadáa, torí òórùn rẹ̀ ń bá mi nínú oorun, mo sì ń ro ọmọ ọmọ mi tó máa ń ṣá ìṣáná. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé, ẹ jọ̀ọ́, epo nínú ilé kò yàtọ̀ sí ìbọn tó ti ní ọta. Ogun náà kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi dáwọ́ dúró. Kí oṣù Keje tó wọlé dáadáa, Dangote ti sọ ọ́ kalẹ̀ sí ₦840. Ilé epo tí mo ń lò ń tà á ní ₦890. Ẹ fi 75 lọ́po ìyàtọ̀ náà: ₦15,750 ni mo fi sanwó ọgbọ́n. Ó wà nínú ìwé, mo fi bírò pupa kọ ọ́.

Bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ láìjà

Ẹ má sọ fún àgbàlagbà pé "irọ́ lẹ ń pa." Ẹni tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún, yóò di àhesọ náà mú ṣinṣin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ ó sì pàdánù oníbàárà. Ìbéèrè ni kí ẹ máa bi í. "Ẹ̀yin bàbá, ọjọ́ wo lẹ rà á?" "Ẹ̀gbọ́n, ilé epo wo nìyẹn, kémi náà lè lọ wò ó?" Fún ọmọdé, mo máa ń ní kó ṣe ìṣirò rẹ̀ sójú ewé, kò ní ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ẹ má sì dá sí i rárá tí ebi bá ń pa ẹni náà. Ebi kì í gbọ́ ìṣirò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá réluwé tún dé pẹ̀lú ẹ̀wà rẹ̀. Ó ní wọ́n ní epo máa tó wọ́n. Kí n tó la ẹnu, ó na ìka rẹ̀ sókè, ó ní, "Mo mọ̀, mo mọ̀. Ta ni wọ́n." Ó rìn lọ sídìí ìṣó, ó yọ ìwé, ó sín lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n yá òun ní gíláàsì ojú mi, ó fa ìlà tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó rí lára pátákó ilé epo Ọlàìyá bó ṣe ń kọjá láàárọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀. Ó kọ iye, ó kọ ọjọ́. Níbi òṣùwọ̀n, ó kọ "jálá," ó dúró, ó wò mí, ó fa ìlà gbà á lórí, ó kọ "lítà" sókè rẹ̀. Mo gba abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo fa ẹ́ńjìnnì.